Iyọ̀ Ọwọ́ Méjì

Ìbínú Dympna Hurley kò bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Kérésì. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ kò mọ̀ ọ́n. Ó ti pẹ́ tó ti wà nínú rẹ̀, bí iná tí wọ́n fi eérú bò nínú ààrò kí ó lè di òwúrọ̀: ẹni tó bá wò ó láti òkèèrè á ní ó ti kú, ẹni tó bá fi ọwọ́ kàn án ni yóò mọ̀.

Ní abúlé Gortnamona, lẹ́yìn àwọn òkè Dunmanway, ní agbègbè Cork, kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé òun àti Batt Crowley ń fẹ́ ara wọn. Ibi tí àwọn àgbẹ̀ ń gbé wàrà wọn lọ láràárọ̀ ni wọ́n ti pàdé. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ Batt dúró gbagidi sí àárín ọ̀nà lọ́jọ́ náà, ó ní òun ò lọ mọ́. Gbogbo kẹ̀kẹ́ ẹrù tó wà lẹ́yìn rẹ̀ dúró, àwọn èèyàn ń ṣépè, Batt sì dúró ti ẹranko náà, ó ń bẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń bẹ ìyá ọkọ. Dympna sọ̀kalẹ̀ láti orí kẹ̀kẹ́ bàbá rẹ̀, ó di kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ náà létí, ó sì fà á.

“Ṣé ìwọ lo ni ẹranko yìí,” ó bi Batt, “àbí òun ló ni ọ́?”

Batt ronú sí i díẹ̀. “A ò tíì jọ yanjú ìyẹn,” ó ní.

Ẹ̀rín ló pa Dympna, ẹ̀rín náà ló sì kó bá a. Láti ọjọ́ náà ni Batt ti ń bá a jó ní oríta ní ọjọ́ Sunday, tí wọ́n jọ ń rìn bọ̀ láti Máàsì, tí ó ń bá a gbé garawa, tí ó ń wò ó bí ẹni pé ojú rẹ̀ ni oòrùn ti ń yọ. Onínúure ni. Kò mutí yó rí, kò pariwo rí. Ṣùgbọ́n ìgbàkígbà tí Dympna bá bèèrè pé ìgbà wo ni wọn yóò lọ síwájú fáda, ìdáhùn kan náà ni: “Ó kù díẹ̀.”

Díẹ̀ náà di ọdún, ọdún gorí ọdún. Àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n jọ gba oúnjẹ mímọ́ àkọ́kọ́ ti ń rán ọmọ tiwọn lọ sílé ẹ̀kọ́. Con Hurley, bàbá rẹ̀, sọ ọ́ lójú rẹ̀ nídìí ààrò: “Ọmọ mi, igi tí kò so títí di ìsinsìnyí, iná ni wọ́n ń fi í dá.” Dympna ti igi sínú iná. Ó mọ ohun tó ń dí igi náà lọ́wọ́ àtiso. Julia Crowley ni, ìyá Batt. Opó ni, ọmọ kan ṣoṣo ló bí, ó sì ti sọ ọ́ létí gbogbo èèyàn pé iná kan ló wà nílé òun, obìnrin kan ló sì ń dá a.

Nígbà tí ìkórè ánámọ́ parí, Àǹtí Nonie dá sí i. Àbúrò bàbá Dympna ni Nonie, òun ló sì so bí ìdajì àwọn tọkọtaya agbègbè náà pọ̀. Ó lọ jókòó sílé Julia, ó mu tíì rẹ̀, ó yin adìẹ rẹ̀, lẹ́yìn náà ló gbé ọ̀rọ̀ kalẹ̀.

“Ìyá Batt, ìgbà wo la máa jẹ oúnjẹ ìgbéyàwó yìí?”

“Ta ló ní kí ẹ má jẹ ẹ́?”

“Ìwọ ni.”

“Èmi? Mi ò sọ pé rárá rí.”

“O ò sì sọ pé bẹ́ẹ̀ ni rí. Ẹnu ọ̀nà lo jókòó sí, o wá ń bèèrè ìdí tí àlejò ò fi wọlé.”

Julia gbé ife rẹ̀ kalẹ̀. “Ọmọ Con Hurley lẹ́wà, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n a kì í se ẹwà jẹ. Oúnjẹ ọwọ́ rẹ̀ ni mo máa jẹ títí wọ́n á fi gbé mi lọ sí itẹ́ òkú. Jẹ́ kó wá se oúnjẹ Kérésì nínú ilé yìí, ẹran, púdìn, gbogbo rẹ̀. Tó bá dára, èmi fúnra mi á gbéra lọ bá fáda, kí wọ́n so wọ́n pọ̀ kí ààwẹ̀ Lẹ́ńtì tó wọlé.”

“Tí kò bá dára ńkọ́?”

“Kó fi ọmọ mi sílẹ̀ nígbà náà, kó lọ wá ọkùnrin tí kò mọ adùn.”

Nígbà tí Nonie mú ọ̀rọ̀ náà délé, Dympna fi àkísà tó fi ń nu àwo jù sílẹ̀. “Wọ́n fẹ́ dán mi wò bí ẹni tó fẹ́ ra abo màlúù. Àbí kí n yanu kí wọ́n ka eyín mi?”

“Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́,” ni Nonie wí.

“Àǹtí, èyí tí mo fi ẹ̀sọ̀ mú láti ọjọ́ yìí ti ń rà lọ́wọ́ mi.”

Síbẹ̀ ó lọ. Ó fẹ́ràn ọkùnrin náà, ó sì mọ̀ pé ọwọ́ òun mọ́ nídìí ààrò. Púdìn ló kọ́kọ́ ṣe, nítorí púdìn ń fẹ́ àkókò. Ó po ọ̀rá màlúù mọ́ búrẹ́dì rírún, èso àjàrà gbígbẹ, ṣúgà dúdú àti wisikí, ó di gbogbo rẹ̀ sínú aṣọ funfun, ó sì bọ̀ ọ́ láti àárọ̀ títí tí àwọn màlúù fi wọlé. Julia jókòó sórí àpótí rẹ̀, ó ń hun ìbọ̀sẹ̀, ojú rẹ̀ kò kúrò lára ọmọbìnrin náà. Kò bá a wí, kò sì yìn ín. Ohun kan ṣoṣo tó sọ ni pé: “Wisikí ti lọ o.”

“Kò lọ sí ibì kankan, mà. Inú púdìn ló wà.”

Batt wà lẹ́nu ọ̀nà nígbà náà, ó rẹ́rìn-ín sínú kọ́là ẹ̀wù rẹ̀. Ìyá rẹ̀ wò ó. Ẹ̀rín náà parẹ́.

Lẹ́yìn náà ló kan ẹran. Ẹran Kérésì ìhà ibẹ̀ kì í ṣe ohun tí wọ́n ń rà láàárọ̀ kí wọ́n sè é lálẹ́. Ẹran ìdí màlúù ni wọ́n ń lò, wọ́n á gbé e sínú ìkòkò amọ̀ ńlá, wọ́n á wá fi iyọ̀, ṣúgà dúdú, kànáfùrù àti ata dúdú pa á lára lójoojúmọ́, wọ́n á máa yí i, títí yóò fi di dúdú tí òórùn rẹ̀ yóò gba gbogbo ilé. Lójoojúmọ́ ni Dympna ń rìn gba pápá kọjá láàárọ̀, nínú ìrì dídì, láti wá fi iyọ̀ pa ẹran náà lára. Inú yàrá tútù tí wọ́n ń tọ́jú wàrà sí ni ìkòkò náà wà. Batt a máa wá dúró tì í níbẹ̀, tí àwọn méjèèjì á máa mí èémí funfun jáde.

“Ọwọ́ rẹ ti là,” Batt sọ lọ́jọ́ kan. Ó mú ọwọ́ náà, iyọ̀ ṣì wà lára rẹ̀, ó gbé e síbi ẹnu rẹ̀, ó ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná sí i.

“Iyọ̀ ló ń jó mi.”

“Ó kù díẹ̀.”

“Batt, tí o bá tún sọ ọ̀rọ̀ yẹn sí mi létí, inú ìkòkò yìí ni màá gbé orí rẹ sí, màá sì fi kànáfùrù pa á lára.”

Ó rẹ́rìn-ín, ó fẹ́ sọ nǹkan kan, ojú rẹ̀ lọ sára ìkòkò náà, kò sì sọ ọ́ mọ́. Dympna rí i pé ó gbé ọ̀rọ̀ kan mì. Ó rò pé ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni. Ó fi ayọ̀ gbé e délé.

Ní ọjọ́ tó ṣáájú Kérésì ni wọ́n bọ ẹran náà. Ẹnikẹ́ni kì í fi ẹran kan ẹnu lọ́jọ́ náà ní Gortnamona. Ọjọ́ ààwẹ̀ ni, ẹja oníyọ̀ gbígbẹ àti ánámọ́ ni wọ́n ń jẹ, àní ẹni tó ń se ẹran gan-an kò gbọdọ̀ tọ́ omi rẹ̀ wò. Imú àti ojú nìkan ló ní. Dympna fi imú wò ó, ó dára. Ó fi ọ̀bẹ gún un, ó rọ̀. Ó gbé e jáde kúrò nínú omi, ó gbé àwo lé e, ó gbé òkúta lé àwo láti tẹ̀ ẹ́ pọ̀, ó sì lọ sí Máàsì pẹ̀lú ọkàn tó fúyẹ́.

Àwọn márùn-ún ló jókòó sídìí tábìlì lọ́jọ́ Kérésì: Julia, Batt, Àǹtí Nonie, Dympna, àti Dan Joe, ẹ̀gbọ́n Julia tó wá láti Bantry, ọkùnrin tí ẹnu rẹ̀ kò ní ìlẹ̀kùn. Ánámọ́ gígún wà níbẹ̀ tí bọ́tà ń yọ́ lórí rẹ̀, kábéèjì wà níbẹ̀, búrẹ́dì wà níbẹ̀. Nígbà tí Dympna gé ẹran náà, inú rẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú, ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú. Ó rí ojú Batt lára òun, orí rẹ̀ sì wú.

Dan Joe ló kọ́kọ́ fi sẹ́nu. Ó jẹ ẹ́ títí, ó dá ẹnu dúró, ó mu omi, ó tún mu omi.

“Julia,” ó ní, “màlúù yìí, ṣé orí òkè ló gbé ni, àbí inú òkun?”

Nonie tọ́ ọ wò. Ojú rẹ̀ yí padà. Dympna fi tirẹ̀ sẹ́nu, ẹnu rẹ̀ sì sun ún bí ẹni tó gbé omi òkun mì. Iyọ̀ ni. Kò sí kànáfùrù, kò sí ṣúgà, iyọ̀ gbáà ni láti òkè dé ilẹ̀.

“Mi ò pè é ní burúkú o,” Dan Joe tún wí. “Mo kàn ń wò ó pé ká gbé e lọ fún àwọn apẹja, kí wọ́n fi tọ́jú ẹja wọn di ọdún tó ń bọ̀.”

Julia fi fọ́ọ̀kì rẹ̀ sílẹ̀ jẹ́jẹ́. “Ọmọ náà gbìyànjú,” ó ní. “Kálukú ló ní ẹ̀bùn tirẹ̀. Ó lè jẹ́ pé tìrẹ kì í ṣe nídìí ààrò, Dympna.”

Dympna kò wo Julia. Batt ló wò. Ó ń retí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, èyíkéyìí. Batt ń wo inú àwo rẹ̀, ó ń jẹ ẹran náà, ègé lórí ègé, omi ń dà lójú rẹ̀, kò gbójú sókè.

Dympna dìde, ó mú ẹ̀wù rẹ̀, ó jáde. Inú àgbàlá ni Batt ti bá a.

“Dympna, dúró. Má bínú. Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ.”

“Ta ló fi iyọ̀ sí i nígbà náà? Màlúù náà fúnra rẹ̀?”

“Màmá ni.” Ó sọ ọ́ bí ẹni tó gbé ẹ̀bùn wá. “Ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́, tí mo bá fún wàrà tán, wọ́n máa ń wọlé lọ fi iyọ̀ pa á lára lẹ́ẹ̀kan sí i. Wọ́n ní o háwọ́, pé ẹran á rà mọ́ ọ lọ́wọ́. Nítorí náà iṣẹ́ ọwọ́ rẹ dára. Iyọ̀ ẹni méjì ló pọ̀ jù.”

Afẹ́fẹ́ òkè ń fẹ́, Dympna kò sì mọ̀ pé òtútù wà. “O rí wọn?”

“Mo rí wọn.”

“Láti ìgbà wo?”

Batt wo ẹnu ọ̀nà yàrá wàrà.

“Láti ìbẹ̀rẹ̀. O dúró tì mí láàárọ̀, o ń fẹ́ atẹ́gùn sí mi lọ́wọ́, o mọ̀ pé tó bá di ìrọ̀lẹ́ wọ́n á tún ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ní ìdí tábìlì níbẹ̀, tí wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, o mọ̀.”

“Mi ò fẹ́ ìjà láàárín ẹ̀yin méjèèjì. Mo rò pé tí mo bá dákẹ́, ó lè...”

“O dákẹ́,” ni Dympna wí, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀ débi pé Batt sún mọ́ ọn láti gbọ́. “Gbogbo ìgbà èwe mi lo ti fi dákẹ́. Mo rò pé ìyá rẹ ni ọ̀tá mi. Ìyá rẹ ṣe tiwọn, wọ́n mọ ohun tí wọ́n fẹ́. Ìwọ ni mi ò mọ ohun tí o fẹ́. Padà sínú ilé, Batt. Lọ jẹ ẹran rẹ tán.”

Láti ọjọ́ náà, Dympna ń di ẹrù. Ó ní ẹ̀gbọ́n kan ní ìlú Cork tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń rán aṣọ, wọ́n sì ní àyè wà fún ẹlòmíràn. Inú ń bí i nígbà tó bá ń ká aṣọ, inú ń bí i nígbà tó bá ń gbálẹ̀. Èyí tó tilẹ̀ ń bí i nínú jù ni pé tí kẹ̀kẹ́ ẹrù kan bá ń kọjá lójú ọ̀nà, etí rẹ̀ á nà sókè láti mọ̀ bóyá ti Batt ni. Lálàálẹ́ ló ń bi ara rẹ̀ léèrè: ṣé èèyàn lè fẹ́ràn ẹni tí kò níyì lójú rẹ̀ mọ́?

“Sọ òtítọ́ náà káàkiri,” Nonie gbà á nímọ̀ràn. “Kí gbogbo ayé mọ ohun tí Julia ṣe.”

“Tí èmi bá sọ ọ́, wọ́n á ní ìyàwó tí kò mọ oúnjẹ sè ló ń wá ẹni tó máa di ẹ̀bi rù. Àti pé kì í ṣe ẹnu mi ló yẹ kí ọ̀rọ̀ náà ti jáde.”

“Ó dáa. Ṣùgbọ́n má lọ kí Kérésì Àwọn Obìnrin tó kọjá. Jẹ́ ká jọ jẹ ẹ́.”

Ọjọ́ kẹfà oṣù kìíní ni Kérésì Àwọn Obìnrin. Lọ́jọ́ náà, ọkùnrin ló ń fún wàrà, òun ló ń fọ àwo, òun ló ń se oúnjẹ. Àwọn obìnrin á kó ara wọn jọ sí ilé kan, wọ́n á jẹ ìyókù kéèkì ọdún, wọ́n á mu tíì, àwọn àgbà á mu ohun tó le ju tíì lọ díẹ̀. Ọkùnrin tó bá yọjú síbẹ̀, yẹ̀yẹ́ rẹ̀ kò ní tán títí ọdún á fi yípo. Ilé Nonie ló bọ́ sí lọ́dún náà. Obìnrin kì í kọ ìpè ọjọ́ yẹn, ìjà yòówù kó wà nílẹ̀. Nítorí náà Julia wá. Ó jókòó síbi igun kan ààrò, Dympna wà ní igun kejì, kò sì sí èyí tó wo ìkejì.

Wọ́n ti ń gé kéèkì nígbà tí ìlẹ̀kùn ṣí. Batt ni. Ìyẹ̀fun bò ó láti ọwọ́ dé ìgúnpá, díẹ̀ wà ní irun rẹ̀.

“Kí ló dé, Batt?” ẹnì kan kígbe láti ẹ̀yìn. “Ṣé ilé ti jó ni?”

“Ó ṣì ọ̀nà. Ó rò pé ọ̀kan nínú wa ni òun.”

“Ẹ fún un ní àga àti ìbọ̀sẹ̀ kó máa hun.”

Ẹ̀rín gba ilé. Batt dúró kí ó rọlẹ̀. Ojú rẹ̀ pupa, ṣùgbọ́n kò yí padà.

“Ẹran Kérésì ilé wa,” ó bẹ̀rẹ̀, ó tún ọ̀fun rẹ̀ ṣe. “Ẹ ti gbọ́ nípa rẹ̀. Dan Joe ti sọ ọ́ dé Bantry. Dympna fi iyọ̀ tó tọ́ sí i láàárọ̀. Màmá mi tún fi òmíràn sí i ní ìrọ̀lẹ́. Mo rí wọn, mo sì pa ẹnu mi mọ́, nítorí pé ojo ni mí. Mo tún pa á mọ́ nídìí tábìlì. Ohun tí mo wá sọ nìyẹn.”

Gbogbo ojú yí sí Julia. Ọ̀bẹ kéèkì wà lọ́wọ́ Nonie, kò gé nǹkan kan.

“O wá bọ́ mi sí ìhòòhò láàárín àwọn ẹgbẹ́ mi,” Julia wí.

“Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Láàárín wọn náà ni orúkọ Dympna ti bàjẹ́.”

Julia yíjú kúrò lára rẹ̀. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ààrò ló ń bá sọ ọ́. “Lákọ̀ọ́kọ́, mo rò lóòótọ́ pé ó háwọ́. Ìtìjú ilé ni tí ẹran bá rà. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan mo tẹ̀ ẹ́ wò, mo rí i pé ó ti gba iyọ̀ tó. Mo mọ̀. Mo ṣì bù kún un. Nítorí tó bá dára, ìjókòó mi nídìí iná lọ nìyẹn. Ìyá ọkọ mi lo gbogbo ọjọ́ ayé wọn lórí àpótí yẹn, èmi dúró lẹ́yìn wọn bí ọmọ ọ̀dọ̀ títí irun mi fi funfun. Nígbà tó wá kàn mí pé kí n jókòó, ẹ ní kí n dìde.”

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Àwọn tó dàgbà nínú wọn wo ilẹ̀, nítorí wọ́n mọ àpótí náà, àpótí tiwọn náà wà nílé.

Dympna dìde. Inú rẹ̀ ṣì ń hó, àánú tó yọ sí i lójijì tún dá kún ìbínú náà. “Mà, ta ló ní kí ẹ dìde? Ṣé àpótí kan ṣoṣo ni káfíńtà lè kàn láyé ni? Ẹ ò bi mí rí. Ẹ kàn ń bu iyọ̀.”

“Mo lẹ́nu o,” Julia wí. “Tí o bá wọ ilé yẹn, mi ò ní dákẹ́.”

“Èmi náà ò ní dákẹ́. Ẹnì kan ṣoṣo tó ń dákẹ́ ti tó nínú ilé kan.”

Ìgbà yẹn ni àwọn obìnrin tó rẹ́rìn-ín, Julia pàápàá fi imú fọn ohun kan tó jọ ẹ̀rín jáde. Ó na àwo rẹ̀ sí Nonie. “Gé kéèkì rẹ, jàre. Kì í ṣe òkú la wá sin.”

Dympna mú ẹ̀wù rẹ̀, ó sì tẹ̀lé Batt jáde. Wọ́n rìn dé ojú ọ̀nà. Oòrùn ọ̀sán ọ̀gìnnìtìn ti rẹlẹ̀ lórí òkè.

“Inú ṣì ń bí mi,” Dympna wí.

“Mo mọ̀.”

“Kì í ṣe èyí tó máa tán lọ́la.”

“Mi ò bi ọ́ ní ìgbà tó máa tán.”

“Tí wọ́n bá so wá pọ̀, ìbínú yìí ni màá gbé dé iwájú pẹpẹ. Ẹ̀gbẹ́ ibi tí o bá dúró sí ni màá gbé e sí.”

“Àyè wà níbẹ̀,” Batt dáhùn. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò, ìyẹ̀fun kò lọ. “Kí n bá fáda sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Sunday?”

Dympna wò ó.

Batt náà wo ara rẹ̀. “Rárá,” ó ní. “Ìsinsìnyí.”

Ó yí padà, ó sì ń lọ. Dympna dúró sí ojú ọ̀nà, ó ń wò ó. Níbi tí ọ̀nà ti yà, ilé Crowley wà lápá òsì, iná ààrò ń rú èéfín, àwọn màlúù tí wọn kò tíì fún wàrà wọn sì ń ké pe ẹni tó ni wọ́n. Batt dé ibẹ̀. Ó dín ẹsẹ̀ kù. Lẹ́yìn náà Batt ju ọwọ́ sí àwọn màlúù náà bí ẹni ń sọ pé kí wọ́n ṣe sùúrù, ó kọjá ẹnu ọ̀nà ìyá rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí gun òkè lọ sí ilé fáda, pẹ̀lú ìyẹ̀fun lórí.

Dympna rẹ́rìn-ín. Ó wá rántí pé inú ń bí òun, ó fa kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ sókè, ó sì gba ilé lọ láti tú ẹrù tó ti dì.